Láti Ṣakí dé Heathrow: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọ̀nà àti Wákàtí Ìrìn-Àjò Òfurufú

Kò sí pápákọ̀ òfurufú kankan ní Òkè-Ògùn. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí, láti Ìgànná títí dé Ṣakí, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 10 tó wà ní agbègbè náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò kúrò nílé. Ìdí nìyẹn tí wákàtí tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì kì í fi í tó wa ṣètò ìrìn-àjò. Tíkẹ́ẹ̀tì á ní wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni Èkó sí London, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ti Ṣakí gbéra láti lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Peckham ní London yóò lò ju ọjọ́ kan lọ lójú ọ̀nà. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá bá a ṣírò rẹ̀ láti ilé, bàálù lè gbéra kí ó tó dé Ìkẹjà.

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ mọ iye kìlómítà tó wà láàárín pápákọ̀ méjì, iye wákàtí tí bàálù máa lò, ohun tí aago ìlú kejì máa sọ nígbà tí ẹ bá balẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ kúrò nílé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ́yìn yọ fún àwa ará òkè.

Ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣakí kọjá

Iye kìlómítà tí wọ́n máa ń sọ pé ó wà láàárín pápákọ̀ méjì jẹ́ ti ìlà tó kúrú jù lọ lórí ilẹ̀ ayé láti ọ̀kan dé èkejì, bí ẹni pé kò sí òkè, kò sí odò, kò sí ẹnubodè. Láti ṣírò rẹ̀, ẹ nílò nọ́ńbà méjì tí ibi kọ̀ọ̀kan ní. Nọ́ńbà kìíní ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà Greenwich ní London, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Tí ẹ bá ṣí Google Maps lórí fóònù, tí ẹ fi ìka tẹ ibi kan tí ẹ kò tètè gbé e kúrò, nọ́ńbà méjèèjì á jáde.

Pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà wà ní dígírì 6.58 sí àríwá àti 3.32 sí ìlà-oòrùn. Ṣakí wà ní nǹkan bí 8.67 sí àríwá àti 3.39 sí ìlà-oòrùn. Ẹ wo nọ́ńbà kejì tí àwọn méjèèjì ní: díẹ̀ ló kù kí wọ́n dọ́gba. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé bí èèyàn bá dúró ní Ìkẹjà tó kọjú sí àríwá, tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, ọ̀kánkán rẹ̀ ni Ṣakí wà. Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá sì tó nǹkan bí kìlómítà 111. Ẹ yọ 6.58 kúrò nínú 8.67, ó ku 2.09. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 111, ẹ ó rí 232. Kìlómítà 232 péré ni Ṣakí sí pápákọ̀ Ìkẹjà lójú òfurufú, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà títì ń lọ bí 300.

Heathrow ní London wà ní 51.47 sí àríwá àti 0.45 sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ yọ 6.58 ti Ìkẹjà kúrò nínú 51.47, ó ku 44.89. Ìlọ́po 111 rẹ̀ jẹ́ 4,983. Bàálù máa yà díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà àròpọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 5,000 kìlómítà gan-an, iye tí ẹ ó sì bá nínú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú nìyẹn. Ọmọ girama lè ṣe ìṣirò yìí lórí pátákó ìkọ̀wé, mo sì rọ àwọn olùkọ́ ní Òkè-Ògùn kí wọ́n fi kọ́ wọn, torí ìlú wọn gan-an ló mú kó rọrùn.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í tètè kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹ bá fa ìlà tó tọ́ láti Ìkẹjà dé Heathrow, ìwọ̀-oòrùn Ṣakí ló gbà kọjá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ogún kìlómítà lọ sí ìlú náà. Ẹni tó ń ti Ṣakí lọ sí London ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, ó ń jìnnà sí London, kí wọ́n tó gbé e padà sí àríwá gba òkè ilé rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà tó fi odidi ọ̀sán rìn nínú mọ́tò, bàálù á fi bí ìdajì wákàtí tú u palẹ̀. Lóòótọ́, bàálù ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn olùdarí òfurufú yàn fún un, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń tẹ̀ lé ìlà yẹn géérégé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti gbéra bí ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́yìn àga iwájú yín. Ẹ ó rí bàálù kékeré funfun náà tó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tí orúkọ Ìlọrin wà lápá ọ̀tún, tí Parakou ti orílẹ̀-èdè Benin wà lápá òsì. Àárín àwọn méjèèjì yẹn ni ilé wà.

Ìṣirò tó rọrùn yìí kò ṣiṣẹ́ fún ibi tó bá wà lápá ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn wa. Fún Jeddah tàbí Amẹ́ríkà, ẹ wá ayé róbótó tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé, kí ẹ mú òwú tó le, kí ẹ fi orí kan sí Èkó, orí kejì sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ fà á le. Ibi tí òwú bá gbà lọ̀nà tó kúrú jù. Ẹ gbé òwú yẹn lé orí ìlà agbedeméjì ayé, tí gbogbo yíká rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà, ẹ ó sì mọ iye tó jẹ́. Òwú náà á yà yín lẹ́nu. Lórí àwòrán ayé pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri, èèyàn á rò pé tààrà sórí òkun ni bàálù Èkó sí Atlanta máa gbà. Òwú á fi hàn yín pé Burkina Faso, Mali àti Mauritania ló máa gbà kọjá kí ó tó bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Èkó sí Jeddah jẹ́ nǹkan bí 4,200 kìlómítà. Èkó sí Atlanta tó 9,400, Èkó sí Houston sì ń lọ bí 10,500. Ẹ rí i pé Mẹ́kà sún mọ́ wa ju London lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún máìlì. Àwọn kan á kọ 5,000 fún London, àwọn kan 3,100, àwọn mìíràn 2,700, ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ. Kìlómítà ni àkọ́kọ́, máìlì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò lójú títì ni èkejì, ẹ̀kẹta jẹ́ máìlì àwọn atukọ̀ òkun àti ti òfurufú, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852.

Láti kìlómítà sí wákàtí

Bàálù ńlá tó ń gbé èrò lọ sí òkè òkun máa ń sáré tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán. Ẹ fi 850 pín iye kìlómítà, kí ẹ fi ìdajì wákàtí kún un fún gígun òkè àti bíbalẹ̀. London á fún yín ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 25, ó sì bá ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mu dáadáa. Jeddah á fún yín ní wákàtí márùn-ún àbọ̀ ó dín díẹ̀. Atlanta á fún yín ní wákàtí mọ́kànlá àbọ̀.

Ti Atlanta yìí ló nílò àlàyé. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí bàálù ń fò, ẹ̀fúùfù líle wà tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, pàápàá ní ìhà àríwá ayé. Bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ń kọjú sí i, èyí tó ń bọ̀ ní í lẹ́yìn. Nítorí náà àlọ lè tó wákàtí méjìlá tàbí kó lé, tí àbọ̀ á sì wà ní bí mọ́kànlá. Èkó sí London kì í fi bẹ́ẹ̀ jìyà rẹ̀, torí gúúsù sí àríwá ni ọ̀nà tiwọn. Wákàtí tí iléeṣẹ́ bàálù kọ sílẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé títí ó fi dúró lẹ́nu ti ibòmíràn, kì í ṣe ìgbà tí táyà kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá jókòó fún ogún ìṣẹ́jú lórí ilẹ̀ tí kò tíì fò, ó wà nínú ìṣirò wọn.

Ohun tó lè ba ìṣirò yìí jẹ́ jù ni òṣèlú. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, wọ́n ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Niger wà ní ojú ọ̀nà Èkó sí Yúróòpù. Àwọn bàálù kan tó ti gbéra ní láti yí padà sí ibi tí wọ́n ti wá, àwọn yòókù sì ń yípo gba ìwọ̀-oòrùn, tí kìlómítà kún kìlómítà. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan, wọ́n sì ti ojú òfurufú ibẹ̀ pa fún ọkọ̀ èrò. Ìlà tó tọ́ láti Èkó dé Jeddah gba Chad àti Darfur ní Sudan kọjá, ọ̀nà tí àwọn baba wa tó fẹsẹ̀ rin ìrìn-àjò Hajj gbà nígbà kan rí, tí wọ́n ń lo ọ̀pọ̀ oṣù, tí àwọn mìíràn lo ọdún. Àwọn ọkọ̀ alálàájì ọdún 2023 ní láti yà fún un, àwọn iléeṣẹ́ bàálù sì béèrè pé kí wọ́n fi owó lé owó. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá ọ̀nà wà ní ṣíṣí.

Ohun kejì tó ń sọ ọ̀nà di gígùn ni tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó ní ibi ìdúró láàárín. Èkó sí Addis Ababa jẹ́ nǹkan bí 3,900 kìlómítà, Addis sí London sì jẹ́ nǹkan bí 5,900. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 10,000, ìlọ́po méjì ọ̀nà tó tọ́. Èkó sí Istanbul jẹ́ 4,600, Istanbul sí London sì tó 2,500, àpapọ̀ rẹ̀ 7,100. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ dín owó kù. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí yóò máa wá ẹnu ọ̀nà kejì kiri nínú pápákọ̀ àjèjì ní òru, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ san owó tó lé náà, kí ó lọ tààrà. British Airways àti Virgin Atlantic ń lọ tààrà sí Heathrow. Air Peace náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024.

Bí ẹ bá dárúkọ Gatwick, ẹ jẹ́ kó yé ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín. Heathrow, tí àmì rẹ̀ jẹ́ LHR, wà ní ìwọ̀-oòrùn London. Gatwick, tí àmì rẹ̀ jẹ́ LGW, wà lọ́nà jíjìn ní gúúsù. Ẹni tó dúró de yín ní ọ̀kan nígbà tí ẹ balẹ̀ ní èkejì máa lo ju wákàtí kan lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn tó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì láàárín Èkó àti Liverpool. Ọkọ̀ Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951 ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń rántí. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ kò tó ohun tí a ń kùn sí.

Aago ìlú méjì lórí ìwé kan

Ẹ jẹ́ ká gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ ká wò ó fínnífínní. Ká ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí:

LOS 23:00 12 AUG
LHR 05:30 13 AUG

LOS ni Èkó. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 12 ni bàálù máa gbéra, ní aago Nàìjíríà. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ọjọ́ 13 ló máa balẹ̀, ní aago London. Òfin ni pé aago ibi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ fún ibi kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù kẹjọ, aago London àti aago Ṣakí dọ́gba, torí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń sún aago wọn síwájú wákàtí kan láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Ìyókù ọdún, wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà á sì kọ 04:30. Àwa kì í sún aago tiwa rárá. Tí wọn kò bá kọ déètì kejì, ẹ ó rí +1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀, tó ń sọ pé ọjọ́ kejì ni.

Saudi fi wákàtí méjì ṣáájú wa ní gbogbo ọdún. Atlanta fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣi ìṣirò. Bàálù tó kúrò ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́ tó lo wákàtí méjìlá máa balẹ̀ ní Atlanta ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ wọn nínú oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá kàn yọ mọ́kànlá sí mẹ́fà á ní wákàtí méje ni, á sì sọ fún bàbá nílé pé Amẹ́ríkà kò ju London lọ púpọ̀. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yí aago ìbalẹ̀ padà sí aago Nàìjíríà.

Èyí tó ń fa ẹkún jù ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 00:30 sí. Bí ó bá jẹ́ 00:30 ọjọ́ 12, ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ọjọ́ 11 bá parí ni. Alẹ́ ọjọ́ 11 ni kí ẹ ti wà ní pápákọ̀. Ẹni tó bá dé ní alẹ́ ọjọ́ 12, bàálù rẹ̀ ti dé London láti àárọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹbí pé kí wọ́n fi bírò pupa kọ ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò ní Ṣakí sí ara tíkẹ́ẹ̀tì, kó má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni ìyá á máa há sórí.

Fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ṣáájú bí yóò ṣe máa ka wákàtí láàárín ìlò méjì nígbà tí aago bá yí, pàápàá tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà. Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn wà, kì í ṣe inú àpótí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín.

Kìlómítà 300 àkọ́kọ́

Láti Ṣakí, ẹ ó gba Agọ́-Àrẹ àti Tedé wá sí Ìsẹ́yìn. Láti Ìsẹ́yìn, ọ̀nà pín. Ẹ lè gba Adó-Àwáyè, Ẹrúwà àti Ìgbó-Ọrà lọ sí Abẹ́òkúta, kí ẹ ti ibẹ̀ bọ́ sí Sàngó Ọ̀tà. Lórí àwòrán ilẹ̀, ó dà bíi pé ọ̀nà yẹn ló yá. Ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó kì í ṣe ohun tí ẹni tó ní bàálù í wọ̀ ń lọ fọwọ́ fà. Ẹ lè gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́, tó jẹ́ nǹkan bí 35 kìlómítà, kí ẹ wá já sí Ìbàdàn. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, kìlómítà 65, tí wọ́n tún ṣe lábẹ́ ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Kì í ṣe torí pé ó dán nìkan. Ibi tó já sí ló ṣe pàtàkì.

Ní Mọ́níyà ni tésàn réluwéè tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ti ibẹ̀ lọ sí Ebute Metta ní Èkó, kìlómítà 157, ó sì máa ń dúró ní Agége, ní tésàn Lateef Jákàǹdè, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ Ìkẹjà. Bí wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ló máa ń gbà. Ohun tó ń jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé wákàtí tó máa lò ṣeé kà. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 kò ju kìlómítà 127 àti díẹ̀ lọ, ó sì lè gbà yín ní wákàtí méjì, ó lè gbà yín ní márùn-ún. Bí ìrìn-àjò yín bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn ọmọ ìjọ Ìràpadà ń rọ́ lọ sí Redemption City fún ìsìn alẹ́, ẹ má gba ojú títì yẹn ní ọ̀sán rárá. Ewu réluwéè ni pé kò pọ̀ lóòjọ́. Ẹ wo àkókò rẹ̀, ẹ sanwó ṣáájú, kí ẹ sì mọ bọ́ọ̀sì tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ bá pàdánù rẹ̀.

Àwọn ará Ìgbẹ́tì àti Kìṣí sún mọ́ pápákọ̀ Ìlọrin ju Ìkẹjà lọ, bàálù abẹ́lé sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Èkó. Pápákọ̀ Alákìà ní Ìbàdàn náà wà. Ẹ má ṣe fi bàálù abẹ́lé tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ pàdé bàálù òkè òkun lọ́jọ́ kan náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò ní dúró, kò sì sí ẹni tó máa dá owó yín padà. Ilé tí wọ́n ti ń wọ bàálù abẹ́lé ní Ìkẹjà kò sì sí nínú ọgbà kan pẹ̀lú ti òkè òkun. Mọ́tò lẹ ó wọ̀ láàárín wọn.

Kíkà láti ẹ̀yìn wá

Ẹni tó bá ka wákàtí láti ilé lọ sí pápákọ̀ á tan ara rẹ̀ jẹ. Láti orí bàálù ni kí ẹ ti kà á padà wá sílé. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyá àgbà ṣe é. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni ìgbéra. Káńtà tí wọ́n ti ń wọn ẹrù máa ń ti ní bí wákàtí kan ṣáájú, ìlà àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de sì máa ń gùn, nítorí náà kí ìyá ti wà nínú pápákọ̀ ní aago méje. Agége sí Ìkẹjà, wákàtí kan. Réluwéè, mẹ́ta. Ìdúró ní Mọ́níyà, ọ̀kan. Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà, ọ̀kan àbọ̀. Ṣakí sí Ìsẹ́yìn, méjì. Ìgbà tí mọ́tò fi máa kún ní gáréèjì, ọ̀kan. Ó di wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀, tó gbé wa dé aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀. Ẹ wá fi wákàtí méjì àbọ̀ kún un fún táyà tó bá jò àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó bá dá mọ́tò dúró. Aago méje àárọ̀ ni kí ìyá kúrò ní Ṣakí, bí àkókò réluwéè ọjọ́ náà bá bá a mu.

Nígbà tó bá balẹ̀ ní Heathrow ní aago márùn-ún àbọ̀, á lo wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó tẹ ìwé ìrìnnà rẹ̀ kí ẹrù sì jáde, á tún lo bẹ́ẹ̀ kó tó dé Peckham. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 25 àbọ̀. Nínú rẹ̀, mẹ́fà àbọ̀ péré ló lò nínú bàálù, bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Fún ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìpinnu tèmi ni pé kí ó kúrò ní Ṣakí ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó sùn ní ilé ẹbí tàbí ilé ìtura ní Ìkẹjà tàbí Agége. Owó ilé ìtura alẹ́ kan kò tó ìdá kékeré nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tó bá jóná. Nígbà tí wọ́n bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ bàálù pé ìyá nílò àga oníkẹ̀kẹ́, kódà bó bá lè rìn. Ẹni tó ń ti àga náà á mú un kọjá gbogbo ìlà títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wá pàdé rẹ̀.

Ẹrù náà ń gba wákàtí. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ilé. Lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, àpótí kan kò gbọ́dọ̀ ju kìlógíráàmù 23 lọ, aṣọ òfì Ìsẹ́yìn sì wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn fún èèyàn mẹ́ta, pẹ̀lú agbádá bàbá ìkókó, lè gba ibi tí ẹ ti fi sílẹ̀ fún èlùbọ́. Mo ti rí àwọn tó ṣí àpótí sílẹ̀ níwájú káńtà, tí wọ́n ń yọ ọ̀rí àti èlùbọ́ dànù nígbà tí ìlà ń gùn lẹ́yìn wọn. Ẹran gbígbẹ ní tirẹ̀, ẹ má dì í rárá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á wọlé láti Nàìjíríà, ẹ ó sì fi wákàtí tí ẹ bá ti jèrè ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Àbọ̀

Bàálù tó bá kúrò ní London lówùúrọ̀ máa ń balẹ̀ ní Èkó ní ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́. Kí ẹrù tó jáde, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ má gba ọ̀nà Òkè-Ògùn ní òru yẹn, bó ti wù kí ilé máa fà yín tó. Ẹ sùn ní Èkó.

Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, tí ọyẹ́ bá mú, kùrukùru lè bo Ìkẹjà débi pé bàálù kò ní rí ilẹ̀ balẹ̀. Nínú oṣù kejì ọdún 2020, ọ̀pọ̀ bàálù òkè òkun tó ń bọ̀ ní Èkó ló lọ balẹ̀ ní Accra. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀ wálé fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó lásìkò ọyẹ́, kó fi ọjọ́ méjì ó kéré tán sáàárín ìbalẹ̀ àti ọjọ́ ìnáwó. Wákàtí kan ni aago Accra fi wà lẹ́yìn tiwa. Tí wọ́n bá yà yín síbẹ̀, ẹ má yí aago ọwọ́ yín, kí ẹ sì fi fóònù ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ wá gbé yín ní Ìkẹjà kó má tíì kúrò nílé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ réluwéè òwúrọ̀ láti Agége. Tí ẹ bá sọ̀ ní Mọ́níyà, ẹ bá onímọ́tò Ìsẹ́yìn dúnàádúrà kí ẹ tó gbé ẹrù sí búùtù, torí ẹni tó bá rí ìwé pápákọ̀ lára àpótí yín á fẹ́ gba owó méjì. Ẹ já ìwé náà kúrò kí ẹ tó jáde nínú réluwéè.